Ife Tí Wọ́n Ń Fi Eérú Fọ̀

Bí Louisa bá ti mu omi tán nínú ife tánganran tó wà lórí ìkòkò àmù, ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ife náà sinmi. Màmá Rachel a fi ìka méjì péré mú un létí, bí ẹni mú òkú eku nírù, a gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, a bu eérú lé e, a bu yanrìn sí i, a wá fi kànìnkànìn ha á títí gbogbo agbo ilé tó wà ní Oníyanrìn yóò fi gbọ́. Bó bá ṣe tán, a tutọ́ sílẹ̀, a wọlé, a sì máa kọrin ìyìn lọ. Obìnrin tó ń jókòó sí ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o! Ìwà yẹn ń rùn ju egbò lọ, àmọ́ kò sí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ilé náà.

Ká má purọ́, ọwọ́ Louisa kò ṣeé wò nígbà yẹn. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí èékánná, ó pọ́n yòò, ó lé ròrò wẹ́wẹ́, àwọn ròrò náà ń bẹ́, wọ́n ń sun omi pupa rẹ́súrẹ́sú. Níbi tí omi bá ti gbẹ, awọ a sán, a là láàárín ìka, a máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Tó bá fẹ́ di ìka rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a yọ. Òun alára kì í fẹ́ wò ó. Ó máa ń fọ abọ́ ní òun nìkan, á gbójú sókè bí ẹni ń wo òjò, kó má baà rí ohun tó so mọ́ apá rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Yésúfù ni bàbá náà ń jẹ́, aránṣọ ni ní àdúgbò Beyerunka, fìlà ló ń rán. Ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan ló gba ọmọbìnrin náà tọ́, tó rán an níwèé, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣèrìbọmi fún un ní Louisa. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ òkè Màpó, ó ń gbẹ̀bí, ó ń di egbò. Ọlábọ̀wálé, ọmọ Màmá Rachel, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé ìjọ, ló fẹ́ ẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ẹ̀bùnọlá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹnu kọ́ ọ̀rọ̀, tí kì í jẹun àfi tí ìyá rẹ̀ bá fi ọwọ́ bù ú fún un.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ilé ìwòsàn náà. Dókítà òyìnbó pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ òfìfo kò gbọdọ̀ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbọ̀wọ́ kò tó nǹkan, gbogbo wọn ló ń pín in wọ̀. Èyí tí wọ́n fi gbẹ̀bí láàárọ̀, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n á sá a sórí okùn bí awọ ẹran, wọ́n á da pàúdà sí i nínú, ẹlòmíràn á tún wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án láti fi fún oówo. Èyí tó bá ya, wọ́n á fi rọ́bà lẹ̀ ẹ́. Nínú ooru Ìbàdàn, ohun náà a máa lẹ̀ mọ́ra, òógùn a kún inú ìka rẹ̀, tí èèyàn bá sì bọ́ ọ, omi a ṣàn jáde nínú méjèèjì. Òórùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sè é! Àwọn aláìsàn tó wà nínú yàrá a máa fi aṣọ bo imú.

Louisa kò kọ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn sí i, nítorí ìbọ̀wọ́ ló fi í hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ní ọṣẹ kábólíìkì tí àwọn fi ń fọwọ́ ni. Nígbà tó lé, ó fi òrí pa á. Nígbà tó di egbò, ó mú un lọ han dókítà. Ọkùnrin náà wò ó lókèèrè, ó fún imú pọ̀, ó ní ọ̀bùn ni. Ó ní kó fọ ọwọ́ dáadáa, kó má sì ṣe bọ́ ìbọ̀wọ́ rárá kó má baà kó o ran aláìsàn. Ẹni tó ń fọ ọwọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n pè lọ́bùn! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ìtìjú wá bò ó mọ́lẹ̀. Ó tọrọ ìbọ̀wọ́ àlòkù kan tí wọ́n ti lẹ̀ lẹ̀ lẹ̀ títí ó fi gbó, ó gbé e wálé. Òun ló fi ń dáná, òun ló fi ń wẹ ọmọ, òun ló fi ń gbá ilẹ̀, kí ará ilé má baà rí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn òun náà ló ń wọ̀ sùn. Bó ṣe ń bo ọwọ́ náà tó ni ọwọ́ náà ń jẹrà sí i. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ibi tí ìtìjú Louisa bá lọ, egbò rẹ̀ a bá a lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbín gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ìbàdàn ni ìlú tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti jẹ ìgbín yó, tí wọ́n sì fi ìkarahun rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ Ìbàdàn kan wà tí ìgbín jẹ́ èèwọ̀ fún? Louisa ni. Nígbà tó wà ní kékeré, Yésúfù ti oko igbó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbọ̀n ìgbín, wọ́n sè é, ọmọ náà jẹ níbẹ̀, kó tó di alẹ́ ara rẹ̀ ti lé, ojú rẹ̀ ti wú di. Ìyá Yésúfù ní ìgbín ni. Ó ní kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ títí ayé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìgbín dẹ́rù bà á, tí wọ́n ń sọ fún un pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ilẹ̀ ni, pé ikùn tó bá gbà á yóò jẹrà. Ó gbà á gbọ́. Títí ó fi di ìyálọ́mọ, tó bá rí ibi tí ìgbín ti fà kọjá lára ògiri, èébì a máa gbé e.

Wọ́n ti sọ èèwọ̀ yìí fún Màmá Rachel nígbà ìdána. Ó fọwọ́ nù ún bí ọ̀rọ̀ kèfèrí. Nígbà tí ọwọ́ ìyàwó wá bó, onígbàgbọ́ rántí ọ̀rọ̀ kèfèrí kíá. Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó ní rárá, Louisa ti jẹ ìgbín níkọ̀kọ̀ ni, ọ̀kánjúwà ni, èèwọ̀ rẹ̀ ló ń bá a jà, ibi tí yóò sì já sí ni ẹ̀tẹ̀. Ó ń sọ ọ́ létí odò, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọbẹ̀ tí Louisa bá sè, ajá ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru mú, Louisa bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó fi sí i lẹ́nu. Màmá Rachel já wọlé. Ó gbá orí ọmọ náà mú, ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí dé ọ̀nà ọ̀fun.

"Tu ú! Tu ú síta! Ọlọ́run má jẹ́ ó gbé e mì!"

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti itọ́ àti ẹkún jáde pa pọ̀ lẹ́nu Ẹ̀bùnọlá. Louisa na ọwọ́ láti gbà á.

"Dúró síbẹ̀!" Màmá Rachel gbé ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. "Ìyàwó, gbọ́. Ọwọ́ yìí kò ní kan ọmọ ọmọ mi mọ́. Dìde, kí o lọ sílé bàbá rẹ. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dọwọ́ èèyàn, kí o wá, ká gbọ́ ẹnu rẹ. Bí kò bá jinná, a mọ ibi tí wọ́n ń kó adẹ́tẹ̀ sí lẹ́yìn odi. Ọmọ á sì wà lọ́dọ̀ mi títí ayé."

Louisa wo ọkọ rẹ̀. Ọlábọ̀wálé jókòó nínú iyàrá kan náà, ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ ò gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ ni?"

"Louisa, ṣe sùúrù. Àgbà ni wọ́n, ire rẹ ni wọ́n ń wá."

Ẹni tó ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́ sísọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàtà yẹn títí ìyàwó rẹ̀ fi di ẹrù jáde. Ẹ̀bùnọlá ń pariwo "Màmá, Màmá" láti inú iyàrá ìyá àgbà, Louisa sì ń gbọ́ ọ títí ó fi yà lọ́nà Beyerunka.

Yésúfù gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní "Súbúhánálà," ó sì lọ mú omi wá fún un nínú igbá tí òun fúnra rẹ̀ fi ń mu. Louisa sunkún lórí igbá yẹn. Kò lọ sí ilé ìwòsàn láti ọjọ́ náà, síbẹ̀ kò bọ́ ìbọ̀wọ́ àlòkù náà. Obìnrin pọ̀ nínú agbo ilé náà, ojú sì pọ̀ ju èèyàn lọ.

Ewúrẹ́ ló gbà á là. Ó fọ ìbọ̀wọ́ náà láàárọ̀ kan, ó sá a sórí ọgbà, kó tó yíjú padà, abo ewúrẹ́ kan ti fa ti òsì lulẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ pọ̀nmọ́, ìka márùn-ún ń rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Louisa kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wọ ti ọ̀tún tó kù, ó sì ń fi ọwọ́ òsì pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọwọ́ òsì kò yún òun mọ́. Omi gbẹ lára rẹ̀, èépá já, awọ tuntun yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Ọwọ́ ọ̀tún tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ń rà lọ ní tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń wẹ òsì, òsì la fi ń wẹ ọ̀tún, ara kan náà ni, oúnjẹ kan náà ló ń bọ́ wọn. Èwo wá ni èèwọ̀ tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Òórùn rẹ̀ gbá a nímú, ó sì dúró gbọin, nítorí ó ti gbọ́ òórùn yẹn rí kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ìwòsàn. Ó mú un tọ bàbá rẹ̀ lọ níbi tó ti ń ránṣọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ tí ojú mi wú yẹn, kí ló tún wà nínú agbọ̀n pẹ̀lú ìgbín?"

Yésúfù ronú. "Irẹ́ ni. Ṣé o mọ̀ pé nígbà yẹn gbogbo ọkùnrin ìlú ló ń sáré wọ igbó, tí wọ́n ń kọ igi irẹ́ lára, tí wọ́n ń se oje rẹ̀ títí yóò fi dì, tí òyìnbó ń rà á fi ṣe rọ́bà. Ìṣù irẹ́ ni mo gbé bọ̀, mo wá he ìgbín lé e lórí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo tilẹ̀ gbé ìṣù kan. O ní ọmọ rẹ ni, o fi ọ̀já pọ̀n ọ́n káàkiri agbo ilé, o ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, o ń fi ojú nù ún."

"Ibo ló kọ́kọ́ lé lára mi?"

"Ẹ̀yìn rẹ ni. Lẹ́yìn náà, ojú."

"Ẹnu mi ńkọ́? Inú ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ kò ṣe nǹkan kan. O tún tọrọ ìgbín sí i."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yìn ni mo fi jẹ ìgbín ni?"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Yésúfù. Ó gba ìbọ̀wọ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀. "Àtọ́kẹ́, ìyá mi ló ní ìgbín ni. Ta ló tó bá ìyá mi jiyàn nígbà náà?"

Inú bí Louisa. Gbogbo ọbẹ̀ tó ti fi sílẹ̀, gbogbo ibi àríyá tó ti jókòó bí àlejò láàárín ẹbí rẹ̀, irọ́ ni ìdí rẹ̀. Ó ju ìbọ̀wọ́ náà sí ààtàn, kò wẹ̀yìn wò ó. Kó tó di pé oṣù mìíràn lé, ọwọ́ ọ̀tún náà ti jinná bíi ti òsì.

Ó kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Ọkùnrin náà ní rọ́bà kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, pé àwọn nọ́ọ̀sì ìlú òun ń wọ̀ ọ́, pé ẹni tí kò bá ní wọ ìbọ̀wọ́ kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Louisa bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ lé e lórí tábìlì. Ó dùn ún, àmọ́ iṣẹ́ kọ́ ló ń lé kiri. Ó gba Oníyanrìn lọ.

Màmá Rachel kò jẹ́ kó wọlé. Àgbàlá ló dá a dúró sí, ó pe ará ilé jọ, ó ní kó na ọwọ́ síta. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo iṣu tó fura sí lọ́jà. "Yí i padà. Ya ìka rẹ. Gbé e sókè." Kò fi ìka kan kàn án. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní. Louisa ti ń wo ẹnu ọ̀nà fún Ẹ̀bùnọlá nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ò rí nǹkan! Nílé bàbá rẹ̀ kò ríbi jẹ ìgbín, ọwọ́ sì jinná. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Kó jẹ́wọ́!"

Louisa ṣàlàyé. Ó sọ ti ìbọ̀wọ́, ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti irẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ọlábọ̀wálé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Louisa, sọ pé o jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kí wọ́n gbé ọmọ fún ọ, kó tán."

Ó wo ọkùnrin tó bí ọmọ fún, ó kó o nírìíra ju gbogbo ọyún tó ti fún lójú egbò lọ. Bó bá jẹ́wọ́ lónìí, ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọn yóò tún gba ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní tán láéláé.

Ọjà'ba ni Louisa gbà lọ, ó ra ìgbín láàyè, ó gbé e wá sí àgbàlá kan náà, ó fọ́ ìkarahun lójú gbogbo wọn. Nígbà tí ẹran náà fà yọ, tó ń gbọ̀n, tí itọ́ rẹ̀ ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀ láti ìka sí ìka, èébì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó dì í mú. Ó bu eérú nínú eérú tí Màmá Rachel fi ń fọ ife, ó fi ọwọ́ òfìfo fọ ìgbín náà títí kò yọ̀ mọ́. Ó fi ata sè é. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ó ń dún jakijaki lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, omijé ń bọ́, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó fi ife tánganran mu omi lé e. Ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó, gbogbo ilé ń retí pé kó lé, kó bó, kó wú. Oòrùn yí sí ìwọ̀ oòrùn. Ọwọ́ náà wà bó ṣe wà.

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí Ẹ̀bùnọlá yọ́ jáde. Ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń wo inú àwo.

"Màmá, fún mi níbẹ̀."

Louisa mú èyí tó kù, ó fi ìka já a, ó fi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Màmá Rachel dìde fùú. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú àwọn ará ilé, ó sì tún jókòó. Ẹ̀bùnọlá gbé e mì, ó ní ata ń ta òun.

Ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í túká nígbà tí Louisa rìn lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Níbẹ̀ ló ti di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, ó bi gbogbo ìgbín náà, ó bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbín kò ṣe é ní nǹkan. Ó mọ̀ ọ́n dájú, ó sì ń bì. Bó ṣe tẹ̀ ba níbẹ̀, tó ń nu ẹnu, ló gbọ́ ọ láti apá kejì ògiri, kànìnkànìn lórí tánganran, haa, haa, haa. Ìríra kì í gbọ́ àlàyé. Tirẹ̀ kò gbọ́, ti Màmá Rachel náà kò ní gbọ́.

Ó fọ ẹnu rẹ̀. Ó jáde sí àgbàlá, ó tẹ̀ ba, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ òfìfo méjèèjì so ọ̀já le. Màmá Rachel ṣíjú sókè, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, eérú ti dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni Louisa wí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.